Bí ẹ ṣe lè ka másítà kọ̀ǹpútà ní Georgia Tech láti inú yàrá yín, láì fi iṣẹ́ sílẹ̀

Ẹni mẹ́ta ló ti bi mí l'ọ́sẹ̀ yìí nìkan pé báwo ni mo ṣe ń ka másítà l'Amẹ́ríkà tí wọ́n sì ń rí mi ní Ògbà lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbi kan kí ẹnu mi sinmi. Georgia Tech ní Atlanta ni ilé-ìwé yẹn, OMSCS (Online Master of Science in Computer Science) ni wọ́n ń pe ètò náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀, January 2014 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kọ́ọ̀sì 10 ni ẹ máa ṣe, ọdún 6 ni wọ́n fún yín láti fi parí ẹ̀, gbogbo owó ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò tó dọ́là 10,000. Sátífíkéètì ẹ̀ kì í sọ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti kà á o, Master of Science in Computer Science ló máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ físà lẹ ń wá, kò sí níbẹ̀, ẹni tó bá ní òun máa fi àdímíṣọ̀n yẹn bá yín gba físà akẹ́kọ̀ọ́, owó yín ló fẹ́ jẹ.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gba èèyàn, wọn ò béèrè GRE, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Amẹ́ríkà máa ń ní kí èèyàn ṣe kó tó wọlé másítà. Ẹni mẹ́ta ló máa kọ̀wé jẹ́rìí yín, ẹ má lọ gbé e fún pásítọ̀ yín jàre. Ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ tó mọ nǹkan tí ẹ kọ, tó lè sọ pé ọmọ yìí ló tún ètò ìsanwó wa ṣe nígbà tó dẹnu kọlẹ̀, ó sàn ju ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò rántí ojú yín mọ́. Transcript, ìwé tó kó gbogbo èsì yín ní yunifásítì jọ, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lé kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan míì rárá. Níbi tí mo ti jáde, mi ò ní dárúkọ wọn, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀, ọjọ́ kan wọ́n ní ẹni tó ń buwọ́ lù ú ti lọ lífù, ọjọ́ kejì wọ́n ní kí n tún owó san torí wọn ò rí rìsíìtì àkọ́kọ́, rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ mi tí mo ń nà sí wọn o!

Tí ẹ bá ti wọlé, òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà dáadáa: láàrin oṣù 12 àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ méjì kí ẹ sì gba B ó kéré tán nínú méjèèjì. Nítorí náà ẹ má fi ìgbéraga yan ti àkọ́kọ́. Èmi fi í yàn án, mo gbé CS 6200, ìyẹn Operating Systems, mo ní ṣebí ọdún márùn-ún ni mo ti fi ń kọ kóòdù. Èdè kóòdù tí wọ́n ń pè ní Python ni mo ń kọ o. Èdè C ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé kí ètò kọ̀ǹpútà kan béèrè fáìlì lọ́wọ́ ìkejì, kí ìkejì fi ránṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́, fáìlì kéékèèké ń kọjá, mo wá gbé fọ́tò ńlá kan sí i, apá òkè fọ́tò nìkan ló jáde, ìyókù rí bí eérú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá ohun tó fà á. Mi ò mọ̀ pé tí ẹ bá pe recv, àṣẹ tó ń gba ohun tó ń wọlé, kì í dúró kó gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ jọ fún yín, èyí tó bá ti dé ló máa gbé wá, tó bá jẹ́ byte 1,448 ló ti dé, òun náà nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa ka iye tó wọlé, ẹ tún padà lọ bù sí i, títí gbogbo ẹ̀ á fi pé. Ṣé ẹ mọ ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó-tó, ẹ ò lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ gbà pé ó ti kún, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni send, àṣẹ tó ń fi nǹkan ránṣẹ́, ṣe máa ń ṣe. Tí mo bá ti fi oṣù méjì kọ C kí n tó wọlé, mi ò ní jìyà yẹn.

Kọ́ọ̀sì kan péré ni sẹ̀mẹ́sítà kan, ẹ gbọ́ tèmi. Òótọ́ ni pé owó kékeré kan wà tí wọ́n ń gbà ní gbogbo sẹ̀mẹ́sítà, bóyá kan lẹ ṣe tàbí méjì, torí ẹ̀ ni mo ṣe gbé méjì lẹ́ẹ̀kan, mo ní mò ń ṣọ́wó ná, mo wá ju ọ̀kan sílẹ̀ nígbà tó yá. Operating Systems nìkan gba bíi wákàtí 18 lọ́wọ́ mi l'ọ́sẹ̀ kan. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí kà á, torí alẹ́ lẹ́yìn gosiló kò lérè kankan, ẹ óò kàn máa wo fídíò tí ojú yín ń pa dé. Sẹ̀mẹ́sítà summer kúrú, iṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín, ẹ yan èyí tó fúyẹ́ síbẹ̀. Ẹ má retí kọ́ọ̀sì Graduate Algorithms ní ìbẹ̀rẹ̀ o, àwọn tó ti ṣe kọ́ọ̀sì púpọ̀ ló ń kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, àyè kì í ṣẹ́kù fún ẹni tuntun.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Kámẹ́rà ló ń ṣọ́ yín tí ẹ bá ń ṣe ìdánwò, ẹ máa gbé e yí yàrá ká kí wọ́n rí i pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n máa ń ṣí ìdánwò sílẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣe é, ẹ má dúró de ọjọ́ ìkẹyìn tí ìnfátà máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Dátà nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ni kí ẹ ní. Ní ti àkókò, àwọn kọ́ọ̀sì kan máa ń kọ AoE (Anywhere on Earth, ìyẹn aago ibi tí ọjọ́ ti ń kẹ́yìn parí láyé) sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa gba iṣẹ́, 11:59 alẹ́ Sunday AoE yẹn, aago 12:59 ọ̀sán Monday ni l'Ékòó. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n ni mo dẹ́kun à ń fi òru Sunday pa ara mi.

Kóòdù ẹlòmíì, ẹ má gbà á, ẹ má sì gbé tiyín sí GitHub, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí, ní gbangba, wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń mú èèyàn.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ fídíò kọ́ọ̀sì wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ẹ lọ wo ti Operating Systems fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ẹ fi C kọ ètò kékeré tó ń fi fáìlì ránṣẹ́, kí ẹ gbé fọ́tò ńlá kan sí i. Tó bá jáde láìlábùkù, ẹ lọ lé transcript yín.