Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Fún Ìran Tuntun Ní Àbùdá Ẹwà Tirẹ̀ Nínú Géèmù Ẹran Ọ̀sìn

Láti bí ọdún méjì ni èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan ní Ìkòròdú ti ń ṣe géèmù orí fóònù kan, nínú èyí tí ènìyàn ti ń sin adìẹ. Ẹni tí ó bá ń gbá a yóò ra ẹyin, yóò dúró kí ó pa, yóò tọ́ òròmọdìẹ dàgbà, yóò sì mú akọ àti abo pọ̀ kí ó lè rí ọmọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Iṣẹ́ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí di ìgbà tí a fẹ́ fi ìran adìẹ keje kún mẹ́fà tí ó wà nílẹ̀, tí a sì pinnu pé ìran yìí nìkan ni yóò ní àwọn àbùdá ẹwà kan. Ohun tí mo ń pè ní àbùdá ẹwà ni ohun tí ojú ń rí lásán: àwọ̀, irú ìyẹ́, ogbe orí, gígùn ìrù. Àṣìṣe tí a ṣe nínú oṣù náà kò kéré, mo sì ti rí irú rẹ̀ nínú géèmù tí ó tóbi ju tiwa lọ fíìfíì.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a mú ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ ìran àtijọ́, kí a wá sọ pé ìran tuntun ni ó ni ín. Abọ́lọ́rùn, adìẹ tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, ni a fẹ́ fi ṣe àmì ìran keje. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọjá lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta adìẹ ní ọjà Sábọ̀ mọ̀ pé adìẹ ilé lásán ni abọ́lọ́rùn, kì í ṣe àjèjì. Ọmọdékùnrin kan tí a ní kí ó bá wa yẹ géèmù náà wò bi mí pé, “Bọ̀dá, ṣé adìẹ ìyá mi tó wà lẹ́yìnkùlé wa náà ti di ìran tuntun ni?” N kò rí èsì fún un. Àbùdá tí a bá fẹ́ fi pamọ́ fún ìran kan gbọ́dọ̀ ti inú ìṣẹ̀dá ara ìran náà jáde. Bí a bá ya adìẹ tí ìrù rẹ̀ gùn débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀, àwòrán ara ìrù náà lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kò sì sí ẹni tí yóò bínú, nítorí pé àwọn yòókù kò ní ibi tí wọn yóò gbé e sí.

Èyí tí ó jọ ọ́ ni kí a máa fọwọ́ kan ohun tí ó ti wà lọ́wọ́ ènìyàn. Neopets, géèmù ẹran ọ̀sìn orí ayélujára tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, tún àwòrán àwọn ẹran ọ̀sìn rẹ̀ yà ní ọdún 2007 kí aṣọ lè bá gbogbo wọn mu. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ni ẹran náà ni inú wọn kò dùn sí ìrísí tuntun náà, àwọn ìwọ̀nba tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìrísí wọn àtijọ́ sì di ohun àwárí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò lè dá irú wọn mọ́. Ìrísí tí kò ṣe pàtàkì tẹ́lẹ̀ di iyebíye láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbímọ ni ó kó wa sí wàhálà jù. Bí àkùkọ abọ́lọ́rùn tí ó gba àbùdá náà lọ́dọ̀ baba àti ìyá rẹ̀ bá gun abo adìẹ tí ìyẹ́ bo ọrùn rẹ̀, ọrùn àwọn ọmọ wọn yóò ṣí, ṣùgbọ́n ìdì ìyẹ́ kékeré kan yóò kù sí iwájú ọrùn. Bí a bá tún mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ méjì pọ̀, a lè retí pé nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan yóò ṣí ọrùn dáadáa, méjì yóò ní ìdì ìyẹ́, ọ̀kan yóò sì rí bí adìẹ yòókù. Adìẹ gidi ní òfin tirẹ̀. Géèmù wa kò ní. Ní ọjọ́ kẹta tí a fi ń dán an wò, abo ìran àtijọ́ kan bí ọmọ tí ó ní ara ìyá rẹ̀ àti àbùdá baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó hàn lójú fóònù ni orí òròmọdìẹ tí ó léfòó lórí ara, láìsí ọrùn láàárín. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n odidi ọ̀sẹ̀ kan ni a fi tún un ṣe.

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ ìbímọ yìí. Flight Rising, géèmù dírágónì tí ó jáde ní ọdún 2013, ti ilẹ̀kùn pa pátápátá: àwọn ìran tí wọ́n pè ní “Ancient” kì í bá ìran mìíràn bímọ, àbùdá ara wọn sì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ọ̀nà kejì ni kí a gba àdàlù láyè, ṣùgbọ́n kí àbùdá náà fara pamọ́ sínú ọmọ tí ó bá gbé ara ìran àtijọ́, kí ó lè tún yọ lára ọmọ-ọmọ. Èyí ni a mú, nítorí pé adìẹ ni tiwa, àwọn ènìyàn wa sì ti mọ adìẹ tí ó bí ọmọ tí kò jọ ọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ta ẹyin kan ṣoṣo.

Ẹ má sì ṣe ìlérí pé “àwọn ìran yòókù yóò gba tiwọn láìpẹ́” kí ẹ tó ṣírò. Nínú géèmù wa, a máa ń ya ìran kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta: òròmọdìẹ, abo àti akọ. Àbùdá tí ó jẹ́ ti ìran keje nìkan gba àwòrán 3. Bí a bá ní kí ìran mẹ́fà yòókù náà ní in, àwòrán 18 mìíràn dé nìyẹn, fún àbùdá kan péré, ayàwòrán kan ṣoṣo ni a sì ní. Mo gbà pé ìdí gan-an tí a fi ń ya àbùdá sọ́tọ̀ nìyí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a fi ìlérí bo iṣẹ́ tí apá wa kò ká mọ́lẹ̀.

Kíkun àwọ̀ pupa àtijọ́ ní pupa rúsúrúsú, kí a sì fún un ní orúkọ tuntun, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bákan náà, bí ogbe ẹlẹ́wà bá ń mú kí adìẹ yé ẹyin púpọ̀ sí i, kì í ṣe ẹwà mọ́. Agbára tí a ń tà ni.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni títa ẹyin ìran tuntun fún ọjọ́ mẹ́ta péré. A rò pé ìkánjú yóò mú kí ọjà yá. Iná lọ ní àdúgbò wa fún méjì nínú ọjọ́ mẹ́ta náà, dátà àwọn mìíràn tán, àwọn ọmọ tí ń fi fóònù ìyá wọn gbá géèmù sì dúró de ìgbà tí ìyá yóò ti ọjà dé. Àwọn tí wọ́n ti bá wa láti ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni kò rí rà. Ní báyìí, ẹyin náà wà lórí àtẹ láìsí ọjọ́ tí yóò kúrò níbẹ̀, ohun tí kò sì jẹ́ kí ó wọ́pọ̀ ni pé ó ń gba ọjọ́ 21 kí ó tó pa, bí ti adìẹ gidi.