Bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó ní àìsàn Parkinson: oògùn, oúnjẹ àti aago

Kò tíì sí oògùn tó ń wo àìsàn Parkinson sàn pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn tó lè jẹ́ kí aláìsàn máa dìde fúnra rẹ̀, kó máa wẹ̀, kó máa jẹun, kó sì máa bá ará ilé sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ìtọ́jú ti dojú rú, oògùn náà wà lórí tábìlì. Àkókò tí wọ́n ń lò ó, oúnjẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé e, àti àwọn oògùn mìíràn tó ń bá a jà nínú ara ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọmọ, ìyàwó, ọkọ tàbí àbúrò tó ń tọ́jú aláìsàn lójoojúmọ́, nítorí pé ọwọ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ torí ohun tó kà níbí yí ìwọ̀n oògùn padà láìsọ fún dókítà tó kọ ọ́ fún un.

Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé òun ni

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa pèsè dopamine, èyí tí ara fi ń darí ìrìn àti ìlò ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń kú díẹ̀díẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, iṣan á máa le, ìdúró kò sì ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. James Parkinson, dókítà kan ní London, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1817. Àìsàn náà kì í ràn, kì í sì í ṣe àsàsí. Ojú aláìsàn tó le bí ẹni tó ń bínú náà wà lára iṣẹ́ ọwọ́ àìsàn yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé bàbá ti di ọ̀tá ilé.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni ti Parkinson. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà tí ènìyàn bá gbé ife omi lọ sẹ́nu sábà máa ń jẹ́ àìsàn mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé ti Parkinson sábà máa ń hàn nígbà tí ọwọ́ bá wà lórí itan láìṣe nǹkan kan, tó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ kan ara bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláìsàn mìíràn tiẹ̀ wà tí ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá: ìrìn wọn ló falẹ̀, ọwọ́ kan kò jù mọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ìkọ̀wé wọn sì ti kéré bíńtín. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó lè sọ pé òun nìyí. Dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ló ń fi ojú àti ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ aláìsàn wò: á ní kó máa fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e kan ara wọn léraléra, kó rìn lọ kó padà, kó kọ gbólóhùn kan sórí ìwé. Irú dókítà bẹ́ẹ̀ wà ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH Ìdí-Àràbà àti ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn àdúgbò ni ẹ ó ti máa gba oògùn lẹ́yìn náà.

Ẹ tú àpò oògùn palẹ̀

Kí ẹ tó lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú àpò kan, ti kẹ́mísì àti ti alágbo, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà. Àwọn oògùn kan wà tó ń dí iṣẹ́ dopamine lọ́wọ́, tí wọ́n sì lè sọ ẹni tí kò ní Parkinson di ẹni tó dà bíi pé ó ní in. Lára wọn ni haloperidol àti chlorpromazine tí wọ́n ń fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, àti metoclopramide tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Plasil, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ń bì. Ẹni tó bá ti ní Parkinson gbọ́dọ̀ yẹra fún wọn, nítorí náà ẹ kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí káàdì kan kí ó máa wà nínú àpò rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi asofẹ́yẹjẹ sílẹ̀ nínú ìṣirò yìí. Igi tí a ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni, reserpine sì wà nínú rẹ̀, èyí tó ń gbẹ dopamine inú ọpọlọ. Ní 1957, Arvid Carlsson ará Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine, wọn kò sì lè mira mọ́. Nígbà tó fún wọn ní levodopa, wọ́n dìde. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí dopamine ló gbé ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2000. Ohun tó yẹ kí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé àgbo tó ní gbòǹgbò yìí nínú lè máa wó ohun tí oògùn ilé ìwòsàn ń kọ́.

Levodopa àti aago

Levodopa ni oògùn tó ṣe pàtàkì jù. Ọpọlọ ló ń sọ ọ́ di dopamine. Láti ìgbà tí George Cotzias ti fi hàn ní 1967 pé ó ń gbé aláìsàn dìde bí a bá lò ó dé ìwọ̀n tó yẹ, kò tíì sí èyí tó borí rẹ̀. Wọ́n máa ń pa á pọ̀ mọ́ carbidopa tàbí benserazide kí ó má baà yí padà di dopamine kó tó dé ọpọlọ, nítorí bó bá yí padà lọ́nà, èébì ló máa ń fà. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì rí i pé orúkọ levodopa àti ti ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí wà lára páálí.

Kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ á ti kúrò, ìdí sì nìyí tí dókítà fi máa ń pín in sí ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, ọpọlọ ṣì lè fi dopamine díẹ̀ tó ń pèsè fúnra rẹ̀ dí àlàfo náà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tí oògùn wọ ara àti ìgbà tí agbára rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá kọ aago méje, aago mọ́kànlá àti aago mẹ́ta fún un, kì í ṣe "àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́" ni wọ́n sọ. Ẹ gbé aago sí fóònù. Ẹ fi ti àárọ̀ pẹ̀lú ife omi sẹ́bàá ibùsùn, kó lè lò ó kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlàkàkà àtidìde.

Oúnjẹ ni ìṣòro tó kàn. Ẹran, ẹja, ẹyin, mílíìkì, ẹ̀wà, àkàrà àti mọ́ínmọ́ín kún fún purotéènì, ọ̀nà kan náà sì ni purotéènì àti levodopa ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun, bí èrò tó ń du ìjókòó kan ṣoṣo nínú dáńfó. Nítorí náà, kí aláìsàn fi omi lo oògùn rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, tàbí kó dúró di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Bí èébì bá ń gbé e, kó fi ẹ̀kọ lásán tàbí bisikíìtì díẹ̀ tẹ inú. Àkàrà tó máa ń bá ẹ̀kọ rìn ni kó dúró. Èyí kò túmọ̀ sí pé kó fi ẹ̀wà àti ẹja sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń rù, ara wọn sì nílò wọn. Ẹni tí oògùn rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án lè bá dókítà sọ ọ́, kí wọ́n sún èyí tó pọ̀ nínú purotéènì ọjọ́ náà sí oúnjẹ alẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú náà ń dí levodopa lọ́wọ́. Kí wákàtí méjì ó kéré tán wà láàárín wọn.

Ààwẹ̀ yẹ ní sísọ ní gbangba. Ẹni tó ń lo levodopa ìgbà mẹ́rin lóòjọ́ kò lè gba ààwẹ̀ láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ láìfò oògùn, ì báà jẹ́ ti Ramadan ì báà jẹ́ ti ìjọ. Ẹ̀sìn Ìsìlàámù yọ̀ǹda fún aláìsàn láti má gbà á, mo sì mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kí àlùfáà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún bá wọn sọ ọ́. Dídá levodopa dúró lójijì léwu: ara lè le gbagidi, kí ibà líle dé, kí ọkàn dàrú, ó sì lè gbẹ̀mí ènìyàn. Bí wọ́n bá dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn fún nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kìn-ín-ní pé wákàtí oògùn yìí kò ṣeé sún síwá sẹ́yìn.

Àwọn oògùn mìíràn, àti wèrèpè

Pramipexole àti ropinirole ń ṣe bíi dopamine, dókítà sì lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ẹ ṣọ́ wọn. Wọ́n lè fa oorun òjijì, wọ́n sì lè ti ènìyàn sínú àṣejù tí kì í ṣe ìwà rẹ̀ tẹ́lẹ̀: tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ìnáwó tàbí ìbálòpọ̀. Bí bàbá tí kò ta tẹ́tẹ́ rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìfẹ̀yìntì ta á, ẹ má ṣe dójú tì í. Oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ sì sọ fún dókítà láìpẹ́. Rasagiline, selegiline àti entacapone ń jẹ́ kí dopamine tàbí levodopa pẹ́ díẹ̀ sí i. Amantadine ń dín ìjùwọ́jùsẹ̀ tí levodopa máa ń fà lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kù. Artane, tí wọ́n sábà máa ń kọ nítorí pé kò wọ́n, ń dín ọwọ́ gbígbọ̀n kù, àmọ́ ó lè da iyè àgbàlagbà rú, èmi kò sì fara mọ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí nǹkan mìíràn wà.

Ní ti wèrèpè, òótọ́ ni pé levodopa wà nínú hóró rẹ̀, àwọn dókítà sì ti dán an wò lára aláìsàn díẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó wà nínú hóró kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kò sí carbidopa nínú rẹ̀ tí yóò dá èébì dúró, ẹni tó bá sì lò ó mọ́ hóró oògùn ti fi levodopa gorí levodopa. Bí ẹ bá ti ń lò ó, ẹ má ṣe fi pa mọ́ fún dókítà.

Ohun tí oògùn kò lè ṣe fún yín

Eré ìdárayá wà lára ìtọ́jú gan-an. Àádọ́jọ ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ń dábàá. Ìrìn kíákíá, ijó, kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan, gbogbo rẹ̀ ló dára, bó bá ṣáà ti mú kí èémí yára díẹ̀. Onífisiotẹ́rápì, ìyẹn ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, á kọ́ aláìsàn bí a ṣe ń dìde lórí àga: kó sún ìdí wá sí etí àga, kó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí gìgísẹ̀ á fi wà lábẹ́ orúnkún, kó tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá ìka ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kó fi ọwọ́ ti àga kó sì dìde. Ẹni tó bá kọ́ èyí kò ní nílò kí ọmọ máa fà á lápá.

Bí ẹsẹ̀ bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má ṣe fà á, nítorí ìṣubú ló ń fà. Kó dúró, kó mí, kó gbé ara lé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn náà èkejì, kó ka "ení, èjì," kó sì gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń ré ìlà kọjá. Ìlà tí ẹ fi téèpù aláwọ̀ fà sórí ilẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ẹ ká àwọn kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké kúrò, kí ẹ má sì jẹ́ kó wọ sílípáàsì tí kò dì mọ́ ẹsẹ̀.

Ìgbẹ́ tí kò yà ń fa ìdádúró oògùn nínú ikùn, nítorí náà omi, ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ ṣe pàtàkì. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tó bá dìde lórí ibùsùn tàbí lórí ìforíkanlẹ̀, ẹ wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ìjókòó àti ní ìdúró. Ó lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń lò láti ọdún pípẹ́ ló ti pọ̀ jù fún un báyìí. Bó bá ń wúkọ́ bó bá mu omi, kó jókòó gbọnrangandan, kó rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ bó bá ń gbé nǹkan mì, kí wọ́n sì yẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wò. Ìbànújẹ́ ọkàn tí kò lọ ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ń fi wáyà tín-ín-rín sínú ọpọlọ, tí bátìrì rẹ̀ á sì wà lábẹ́ awọ àyà, wà láti ìgbà tí Alim-Louis Benabid ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, ní 1987. Ẹni tí levodopa ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, àmọ́ tí iṣẹ́ náà ń wá tó ń lọ, ló wúlò fún jù. Kì í wo àìsàn náà sàn, ó sì wọ́n gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má ta ilé kí ó tó gbọ́ ẹnu dókítà ọpọlọ méjì.

Ìwé kékeré kan

Fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ dókítà, ẹ kọ wákàtí tó lo oògùn, wákàtí tó jẹun, ìgbà tí ara rẹ̀ já gaara, ìgbà tó le, àti ìgbà tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù láìfẹ́. Ẹ kọ ìṣubú kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń rí ènìyàn tí ẹlòmíràn kò rí nínú yàrá, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú, ẹ má ṣe rò pé iwin ni. Oògùn lè fà á, àìsàn náà lè fà á. Bí iyè rẹ̀ bá dàrú lójijì láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, bí ibà bá dé tí ara sì le, bó bá ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Kí ẹ sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀ ní wákàtí tó bá burú jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn máa ń rìn dáadáa níwájú dókítà bí oògùn àárọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, dókítà kò sì ní mọ bí ó ṣe máa ń rí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.