Bí ẹ ṣe máa ya ọ̀rá sọ́tọ̀ kó má ba ike tẹ́ẹ fẹ́ tà jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń kó ike omi pamọ́ de àwọn tó ń rà á kiri Gáà Àkànbí n'Ílọrin, ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé dì í sínú ọ̀rá dúdú. Mo mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Tẹ́ẹ bá ti ọjà Ìpàta dé, ọ̀rá tòmátì ọ̀tọ̀, ti ata ọ̀tọ̀, ẹja nìkan á gba méjì, gbogbo ẹ̀ ló máa padà di nǹkan ìkólẹ̀. Àwọn tó ń ra ike á wá kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣà á kí wọ́n tó yọ́ ọ. Níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣà á, ẹ̀rọ yẹn ní irin tó ń yí, ọ̀rá á kàn wé mọ́ ọn bí òwú ṣe ń wé mọ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní láti pa ẹ̀rọ kí èèyàn lọ fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Níbi tó jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á náà ńkọ́? Ta ló máa ki ọwọ́ bọ ọ̀rá tẹ́ẹ dì pa, tí ò mọ̀ bóyá ìgò fífọ́ ló wà níbẹ̀? Wọ́n máa jù ú nù ni, tòun ti ike inú ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́, ẹ wá àpò ìrẹsì méjì, ọ̀kan fún ike, ọ̀kan fún ọ̀rá.

Iṣẹ́ ti ike ò nira rárá: ẹ da ohun tó kù nínú ẹ̀ nù, ẹ ṣàn án, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ jù ú sápò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rá gan-an niṣẹ́ wà. Ọ̀rá piọ wọ́tà ni kẹ́ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn torí funfun ni, ẹ gé ẹnu ẹ̀, ẹ gbọn omi dànù, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ẹ má da dúdú pọ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ yẹn ò ní kúrò mọ́ tí wọ́n bá yọ́ ọ pọ̀. Ọ̀rá Indomie àti ti bisikíìtì, èyí tó ń dán nínú yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn fi ṣe é. Èyí tí wọ́n fi se mọ́ínmọ́ín, tí epo ti wọ̀ lára, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí ò bá ṣeé fọ̀, kó lọ síbi ìdọ̀tí. Kì í tiẹ̀ ṣe gbogbo oníke ló ń ra ọ̀rá o, torí kì í wúwo, àpò kan tó kún lè má tẹ̀wọ̀n rárá, nítorí náà ẹ bi í kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ.

Èyí tẹ́nikẹ́ni ò rà, ẹ tún un lò. Ẹ má sun ún, ẹ má jù ú sí gọ́tà, Odò Àsà ló máa gbé e lọ.

Tẹ́ẹ bá tún ń lọ ọjà, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ dání, kẹ́ẹ ní kí ìyá aláta da ata yín síbẹ̀. Wọ́n máa kọ́kọ́ wò yín bákan, àmọ́ wọn ò ní kọ̀, ṣèbí owó ọ̀rá tiwọn náà lẹ bá wọn dín kù.