Bí a ṣe ń wa katakata kékeré tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì níwájú láì fara pa

Katakata kékeré tó ní bọ́kẹ́ẹ̀tì irin níwájú kò ṣòro wà. Ẹni tó bá ti wa mọ́tò rí lè máa fi kó yanrìn kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà, torí ọwọ́ á ti mọ iṣẹ́ náà kí ojú tó mọ ohun tó ń dojú ẹ̀rọ dé. Apá tó ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, èyí tí màá máa pè ní lódà, lè gbé ẹrù tí katakata fúnra rẹ̀ kò lè rù láì ṣubú. Ẹ̀rọ tó ní agbára ẹṣin 20 sí 50 ni mò ń sọ, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ìgbẹ́ adìyẹ tàbí tí wọ́n fi ń tẹ́ ọ̀nà oko, kì í ṣe páyálódà àwọn tó ń ṣe títì.

Kí ẹ tó gùn ún

Ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ lápá kan ti mú katakata fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọn píìnì tó so lódà mọ́ ara ẹ̀rọ àti àwọn rọ́bà tí epo háídírọ́líìkì, ìyẹn epo tí agbára rẹ̀ ń gbé lódà sókè, ń gbà kọjá. Bí ẹ bá fura pé epo ń jò, ẹ má fi ọwọ́ wá ojú ibẹ̀ o. Páálí ni kí ẹ fi wá a. Agbára tó ń ti epo yẹn pọ̀ débi pé ó lè gba ihò tí ojú kò rí jáde, kó gún awọ ọwọ́, kó sì wọnú ẹran lọ. Ojú ọgbẹ́ náà kì í ju bíńtín lọ, ó sì lè má dunni lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè já sí pé kí wọ́n gé ọwọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé epo ló wọlé.

Irin gíga tó dúró lẹ́yìn ìjókòó kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí katakata tẹ awakọ̀ pa bó bá dojú dé. Ní Sweden, láti 1959 ni òfin ti ní kí gbogbo katakata tuntun ní irú rẹ̀. Òun àti bẹ́líìtì ìjókòó ló jọ ń ṣiṣẹ́: bí irin bá wà ní òró, ẹ de bẹ́líìtì, bí ẹ bá ká irin sílẹ̀ láti gba abẹ́ igi kòkó kọjá, ẹ má dè é, torí ńṣe ló máa so yín mọ́ ohun tó fẹ́ wó lù yín. Bí ẹ bá ti jáde lábẹ́ igi, ẹ gbé irin dìde padà. Ìjókòó kan ló wà lórí ẹ̀rọ náà, ẹnì kan ló wà fún. Kò sí ti pé ẹ gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, kò sì sí ti pé kí òṣìṣẹ́ dúró sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì já ọsàn.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ara bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń wà. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹrù bá ti wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, orí ẹsẹ̀ iwájú, ìyẹn irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, ni gbogbo ẹ̀rọ á máa fì sí, bíi pákó tí ọmọ méjì jókòó sí orígun rẹ̀ méjèèjì: bí ti iwájú bá wúwo jù, ti ẹ̀yìn á gbéra nílẹ̀. Kò sì dìgbà tó bá gbéra tán kí nǹkan tó bàjẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ katakata kékeré, táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ń mú. Táyà tí kò tẹ ilẹ̀ dáadáa kò lè dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ ó máa tẹ bíréèkì, òun ó máa yọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ fi sí fóòwíìlì (kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa wa ẹ̀rọ) nígbàkigbà tí ẹrù bá wà níwájú, pàápàá níbi tó dà gẹ̀rẹ́, kí táyà iwájú lè bá wọn di ẹ̀rọ mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹrù sẹ́yìn. Ẹ lè so irinṣẹ́ tó wúwo mọ́ apá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, tàbí àpótí irin tí ẹ da kọnkéré sí. Àwọn kan ń rọ omi sínú táyà ẹ̀yìn. Kò burú, àmọ́ ẹrù tó yọ sẹ́yìn táyà ṣiṣẹ́ jù ú lọ, torí ó tún ń gba ìnira kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. (Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi lásán á dì sínú táyà yín nígbà òtútù, èyí tí kì í dì ni kí ẹ lò.) Iye kílò tó yẹ wà nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá.

Ìwé yẹn náà ló máa sọ iye tí lódà lè gbé, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á dáadáa: iye tó pọ̀ jù níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n níbi píìnì tó so bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ apá, ẹrù yín sì máa wà níwájú ibẹ̀. Ẹ má fi ojú wọn ẹrù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gba lítà 250, bí ẹ bá bu yanrìn tútù kún un, á súnmọ́ 500 kílò. Ìyẹ̀fun pákó gbígbẹ láti sọ́míìlì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà kò ní tó 100.

Kíkó ẹrù àti gbígbé e lọ

Apá ọ̀tún ni ọ̀pá tó ń darí lódà sábà máa ń wà. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, bí ẹ bá fà á mọ́ra, lódà á gòkè. Bí ẹ bá tì í síwájú, á sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá tì í sósì, ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì á ká wọlé. Sọ́tùn-ún, á da ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá tì í síwájú kọjá ibi tó ti há díẹ̀, lódà á máa tẹ̀ lé ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn dára fún títẹ́ ilẹ̀, àmọ́ bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lókè nígbà náà, gbì ló máa já lulẹ̀. Ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo ṣe gbogbo èyí lórí pápá títí ọwọ́ yín kò fi ní máa ṣìnà mọ́.

Jíà tó lọ́ra jù ni ti lódà. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ kọjú sí òkìtì náà gbọọrọ, ẹ rọra wọnú rẹ̀. Ẹ má sáré kàn án. Bó bá ti kún, ẹ ká ẹnu rẹ̀ wọlé, ẹ gbé e sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ fà sẹ́yìn. Ilẹ̀ pupa tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú le kì í gbọ́ ti lódà. Ẹ fi nǹkan mìíràn tú u kẹ́ ẹ tó kó o. Kùkùté náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún katapílà. Ẹni tó bá fi igun bọ́kẹ́ẹ̀tì wú kùkùté, apá lódà ló máa lọ́.

Bí ẹ bá ń lọ, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì má fi ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ sókè ilẹ̀. Orí píìnì kan ṣoṣo láàárín ni ẹsẹ̀ iwájú katakata rọ̀ sí, kó lè máa bá gegele ilẹ̀ lọ. Nítorí náà kì í tètè gba ẹ̀rọ dúró bó bá ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún, tó wà lókè, àti ihò kékeré kan lábẹ́ táyà, ó ti tó láti dà á nù. Ní kọ́nà, bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ìgbà tí ẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ típà nìkan ni kí ẹ gbé e ga, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wòkè bóyá wáyà iná wà níbẹ̀. Bí lódà ṣe ń gòkè, ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì á máa dà sẹ́yìn lórí ọ̀pọ̀ katakata kékeré. Ìtí igi tàbí dúrọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ lè yí gba orí apá lódà wá bá awakọ̀. Ẹ máa dẹ ẹnu rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀rọ fẹ́ dà, ẹ sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ kíá. Ẹ má fò bọ́ sílẹ̀.

Ibi tó dà gẹ̀rẹ́

Ẹ gbà á ní gbọọrọ, yálà ẹ ń gòkè tàbí ẹ ń sọ̀, ẹ má gbà á ní ìbú. Bí ẹrù bá wà níwájú, ẹ fẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀, kí ẹrù lè wà lápá òkè. Ẹ ti yan jíà tó lọ́ra kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ má sì yọ jíà lójú ọ̀nà. Ní etí kòtò, bí kòtò bá jìn ní mítà méjì, ẹ jìnnà sí i ní mítà méjì, ó kéré tán. Lẹ́yìn òjò, ẹ fi kún un.

Bí iṣẹ́ bá parí

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ní láti fara kan ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde lórí ìjókòó, bó tiẹ̀ ṣe ìṣẹ́jú kan lẹ fẹ́ lò. Ẹ yọ jíà, ẹ fa bíréèkì, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ti ọ̀pá lódà síwá sẹ́yìn kí agbára tó kù nínú epo lè rọ̀, kẹ́ ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni kì í wọ abẹ́ lódà tó wà lókè, ì báà ṣe láti mú ohun tó bọ́. Ẹ nu àwọn píìnì lódà, kẹ́ ẹ fún wọn ní gíríìsì kí ẹ tó lọ sílé, torí èyí tó bá gbẹ ló máa ń jẹ ihò rẹ̀ fẹ̀.