Bẹ́ ẹ ṣe lè kó báìkì jáde lọ́pọ̀ lọ sọ́nà ìgbèríko, kí gbogbo yín sì jọ padà dé

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó wà níwájú ló ni ráìdì, ìyẹn ìrìn tẹ́ ẹ jọ fi alùpùpù rìn, pé tí líídà bá ti mọ̀nà tó sì mọ báìkì í gùn, ọ̀rọ̀ ti parí. Rárá o. Ẹni tágbára ẹ̀ kéré jù nínú yín ni kẹ́ ẹ fi ṣètò gbogbo ẹ̀, ẹni tí báìkì ẹ̀ kéré jù, tí táńkì ẹ̀ ò gbepo púpọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya kọ́nà. Tí ìrìn yẹn bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó máa rọ gbogbo yín lọ́rùn, tí ò bá sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ máa lo ìdajì ọjọ́ yín létí ọ̀nà tẹ́ ẹ máa máa bi ara yín pé "ṣé ẹ ti rí i?"

Ọ̀nà lẹ máa kọ́kọ́ yàn. Kí líídà lọ gùn ún fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú, torí máàpù orí fóònù ò ní sọ fún un pé wọ́n ti hú ọ̀dà ibì kan tàbí pé òkúta wẹ́wẹ́ ti kún inú kọ́nà kan. Ẹ má jẹ́ kí kìlómítà wọ̀ yín lójú jù, lójú ọ̀nà tóóró tó rí wọ́kọwọ̀kọ, 150 sí 200 kìlómítà ti tó fún ọjọ́ kan, pàápàá tẹ́ ẹ bá máa dúró jẹun, àbí kí là ń pè ní ìgbafẹ́?

Epo ńkọ́, táńkì tó kéré jù lẹ máa fi ṣírò. Ká ní báìkì kan gba lítà 10, tó sì ń jẹ lítà 5 ní kìlómítà 100, á jẹ́ pé kìlómítà 200 ló máa rìn kó tó kú, torí náà kẹ́ ẹ ti wà nílé epo kó tó pé 150. Onítáńkì ńlá máa ní òun ò tíì nílò ẹ̀, kó ṣáà rà á, torí tó bá di pé kálukú ń yà rà á nígbà tó wù ú, ilé epo nìkan lẹ máa rí lọ́jọ́ yẹn. Àtipé kí gbogbo èèyàn ti rọ táńkì kún kí wọ́n tó débi ìpàdé, kì í ṣe kẹ́nì kan dé tán kó wá máa béèrè ilé epo nígbà táwọn yòókù ti dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì mọ́rí.

Nílé ni wọ́n ti ń yẹ báìkì wò. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó gùn ún, torí tó bá ti gbóná, iye tí gééjì máa kà máa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ máa rò pé ó kún nígbà tí ò kún. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí kóòdù ara táyà, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kù ni ọdún, tó bá jẹ́ 2312, á jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 ni, táyà yẹn ti gbó bójú ẹ̀ ò tiẹ̀ tíì jẹ. Tuntun náà ní tiẹ̀, ó máa ń yọ̀, ẹ fi sùúrù gùn ún fún nǹkan bíi 150 kìlómítà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣéènì, bíréèkì, iná. Iná bíréèkì ẹ̀yìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn yín ló ń lò ó, ẹ̀yin fúnra yín ò sì ní mọ̀ tó bá ti kú.

Níbi ìpàdé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ti tó fún líídà láti sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ibi tẹ́ ẹ máa dúró, àmì ọwọ́ tẹ́ ẹ máa lò, àti ẹni tó jẹ́ súwíìpù, ìyẹn ẹni tó kẹ́yìn pátápátá tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀. Kó jẹ́ ẹni tó mọ báìkì dáadáa, kí sípánà, nǹkan tí wọ́n fi ń lẹ táyà àti póńpù kékeré wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ara yín, kí kálukú sì kọ nọ́ńbà ará ilé ẹ̀ sínú bébà kó fi sápò jákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ti mutí, kó fi báìkì sílẹ̀, ìyẹn ò la àríyànjiyàn lọ. Tẹ́ ẹ bá ju méje lọ, ẹ pín ara yín sí méjì, kí ìkọ̀ọ̀kan ní líídà àti súwíìpù tiẹ̀, torí báìkì ogún tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ́nà tóóró, mọ́tò ò lè ráyè kọjá wọn.

Ibo wá lẹ máa fi ẹni tuntun sí? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń ní kó wà lẹ́yìn "kó máa rọra bọ̀", ibẹ̀ gan-an ló sì burú jù. Ẹ wò ó, líídà jáde ní kọ́nà, ó fi kún eré láti 60 dé 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni kejì ò tíì jáde, nígbà tó bá fi jáde àlàfo ti ṣí, ó máa sáré ju 80 láti bá a, ẹni kẹta máa sáré ju ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń nà bíi rọ́bà títí dẹ́yìn, débi pé ẹni tó kẹ́yìn lè máa sá 110 nígbà tí líídà rò pé jẹ́jẹ́ lòun ń lọ. Ṣébẹ̀ lẹ fẹ́ gbé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sí? Ẹ fi í sẹ́yìn líídà gan-an, kí líídà máa wò ó nínú díńgí, kó máa fi ìrìn tiẹ̀ díwọ̀n. Tí líídà bá sì jáde ní kọ́nà tàbí lábúlé, kó ṣì wà lórí eré kékeré, kí gbogbo èèyàn jáde tán kó tó fi kún un.

Lójú ọ̀nà tó tààrà, ẹ má rìn ní méjì-méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Líídà á súnmọ́ àárín títì, ẹni kejì á súnmọ́ etí ọ̀nà, ẹni kẹta á padà sápá líídà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìṣẹ́jú-àáyá kan wà láàárín yín àtẹni tó wà níwájú lápá kejì, kó jẹ́ méjì láàárín yín àtẹni tó wà níwájú yín gangan, tójò bá wá rọ̀ kẹ́ ẹ fi kún un. Tó bá di kọ́nà, ẹ tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí kálukú ráyè lo gbogbo ìbú apá ọ̀nà tiẹ̀. Ohun tó ń gbé èèyàn wọgbó ni pé wọ́n tẹjú mọ́ iná ẹ̀yìn ẹni tó ṣáájú, tíyẹn bá ṣì í yà, àwọn náà á bá a wọ kòtò, torí ibi tójú bá ń wò ni báìkì ń lọ. Ọ̀ọ́kán níbi tí etí ọ̀nà méjèèjì ti dà bíi pé wọ́n pàdé ni kẹ́ ẹ máa wò. Tíbẹ̀ bá ń súnmọ́ yín, ẹ dín eré kù, tó bá ń sá lọ, kọ́nà ti ń ṣí nìyẹn. Tẹ́ni iwájú bá ti ń jìnnà jù, ẹ jẹ́ kó máa lọ jàre, ẹ ò ní sọnù.

Bí ẹ ò ṣe ní sọnù rèé. Tẹ́ ẹ bá dé oríta tẹ́ ẹ fẹ́ yà, líídà á nawọ́ síbì kan létí ọ̀nà, ẹni tó tẹ̀ lé e á dúró síbẹ̀, níbi táwọn tó ń bọ̀ ti lè rí i dáadáa, á máa júwe ọ̀nà fún wọn títí súwíìpù á fi dé, súwíìpù á fún un láyè kó wọlé síwájú òun, ìrìn á máa lọ. Ní oríta tó kàn, ẹlòmíì ni. Ẹni tuntun yẹn nìkan lẹ máa yọ sílẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni kó máa dúró dípò ẹ̀, kó má bàa padà di èrò ẹ̀yìn. Tẹ́ ò bá rẹ́ni tó dúró, ọ̀nà tààrà lẹ máa gbà. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ dúró, bó pẹ́ bó yá ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò tí súwíìpù ò bá tíì dé, ẹni tára ẹ̀ ò balẹ̀ tó kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ovatéèkì, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Pé líídà kọjá tírélà ò sọ pé àyè wà fẹ́yin náà, ojú tiyín lẹ máa fi wò ó. Tẹ́ ẹ bá sì ti kọjá, ẹ má dín eré kù síwájú mọ́tò yẹn, ẹ lọ síwájú díẹ̀ kẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ríbi wọlé sí.

Ọ̀nà ìgbèríko ní wàhálà tiẹ̀ o, ẹrẹ̀ tí tírákítọ̀ wọ́ bọ́ sórí títì, ìgbẹ́ màlúù, ewé tútù lábẹ́ igi, ẹran tó ṣàdédé já lu títì. Ẹni tó bá rí i kó fi ọwọ́ òsì tàbí ẹsẹ̀ tọ́ka sí i, kí gbogbo èèyàn gbé àmì yẹn dẹ́yìn. Ìka kan lókè, kẹ́ ẹ tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìyẹn, kéèyàn nàka sí táńkì, epo ń tán nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹni tó gẹṣin, ẹ má fọn fèrè, ẹ rọra yà jìnnà sí i. Kẹ́ni tí sàlẹ́ńsà ẹ̀ ń pariwo náà ṣe jẹ́jẹ́ lábúlé. Tó bá sì ti ń tó wákàtí kan ààbọ̀ lórí ìjókòó, ẹ wá ibi tó fẹ̀ tílẹ̀ ẹ̀ le, kẹ́ ẹ na ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ mumi, afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ òógùn mọ́ yín lára, ẹ ò ní mọ̀ pé òùngbẹ ti ń ṣe yín.

Tí báìkì ẹnì kan bá kú, súwíìpù á dúró tì í, àwọn tó kù á lọ dúró níbi ìsinmi tó kàn, kì í ṣe kí gbogbo yín rọ́ jọ sínú kọ́nà. Tẹ́nì kan bá ṣubú, kẹ́nì kan kọ́kọ́ sá padà sẹ́yìn lọ dá mọ́tò dúró, kẹ́lòmíì pa ẹ́ńjìnnì báìkì yẹn, kẹ́lòmíì pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Tó bá ń mí dáadáa, ẹ má yọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ẹ má sì fà á dìde, ọrùn lè ti ṣeṣe kójú má rí i.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà, àwọn kan máa fẹ́ yà sílé wọn kẹ́ ẹ tó débi tẹ́ ẹ ti gbéra. Kò burú, àmọ́ níbi ìsinmi tó kẹ́yìn ni kí wọ́n ti sọ fún súwíìpù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa yí padà lọ wá ẹni tó ti bọ́ bàtà nílé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.