Bí ẹ ṣe lè ka ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àṣà sí àṣà fún oyè másítà

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní ọsibítù ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó lọ gba oyè másítà nínú ìmọ̀ yìí. Yunifásítì tí ó dára jù ni àwọn àbúrò tó fẹ́ kà á máa ń kọ́kọ́ bi mí. Èmi a ní kí wọ́n wo ẹ̀ka tí ẹ̀kọ́ náà wà ná. Bó bá wà lábẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, wọ́n á kọ́ yín bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ ẹnu palẹ̀ wò. Bó bá wà lábẹ́ ẹ̀ka okòwò, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ni yóò pọ̀ níbẹ̀. Ti ẹ̀dá èdè ni mo fara mọ́. Ẹ ka àkọlé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, orúkọ oyè lè tan èèyàn.

Ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń fi kà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì fún ẹni tó ń pa á pọ̀ mọ́ iṣẹ́. Ẹ gbìyànjú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Chevening àti Commonwealth, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣègbéyàwó, ẹ gbọ́ o: láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó bá gba físà wá ka másítà oníkíláàsì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àfi ẹni tí ìjọba bá ń sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ yanjú ìyẹn nílé kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ Geert Hofstede, onímọ̀ ará Netherlands tó ṣèwádìí nípa àṣà. Ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM káàkiri ayé, láàárín 1967 sí 1973, ló fi díwọ̀n àṣà orílẹ̀-èdè. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n á bi yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe sí tiwa: ó kó Nàìjíríà, Gánà àti Sierra Leone pọ̀, ó fún gbogbo wọn ní máàkì kan náà, ó pè é ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìjẹ̀bú, Kano, Kumasi, Freetown, àṣà kan ṣoṣo! Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì dáhùn fún gbogbo wa. Ẹ fi èyí kọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wádìí ibi tí nọ́ńbà ti wá.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì ni John Gumperz, onímọ̀ ẹ̀dá èdè. Ní àwọn ọdún 1970, ó ṣiṣẹ́ lórí ìjà kan ní ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow. Àwọn obìnrin ará Íńdíà àti Pakistan tó ń bu oúnjẹ níbẹ̀ kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń wá jẹun ní wọ́n ya aláìmọ̀wàáhù. Àwọn olùwádìí gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí òyìnbó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oníbàárà ń fẹ́ ọbẹ̀ gravy, á gbé ohùn sókè lórí ọ̀rọ̀ náà, ó di ìbéèrè. Àwọn obìnrin yìí ń rẹ ohùn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń béèrè lédè tiwọn, òyìnbó sì gbọ́ ọ bí ìgbà tí wọ́n ní, “Gravy nìyí, gbà.” Ìgbà tí wọ́n gbé ohùn náà sí gbogbo wọn létí ni ọ̀rọ̀ tó yé tọ̀túntòsì. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ohùn sókè sódò láti kékeré kò gbọdọ̀ fi irú iṣẹ́ báyìí sílẹ̀ fẹ́lòmíì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ fúnra yín ni kẹ́ ẹ fi kọ àpilẹ̀kọ yín. Ẹ má mú ọsibítù, bí ó ti wù kó wù yín tó. Lẹ́yìn ìgbìmọ̀ yunifásítì tó ń yẹ ìwádìí wò bóyá ó tọ́, ìgbìmọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ní láti fọwọ́ sí ìwádìí tó kan àwọn aláìsàn wọn, oṣù mẹ́ta tẹ́ ẹ ní lè tán sídìí fọ́ọ̀mù. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ti tó fún yín, tàbí ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Àwọn àgbà kì í fẹ́ fọwọ́ síwèé ìyọ̀ǹda: “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yunifásítì bóyá àwọn àgbà náà lè fẹnu sọ ìyọ̀ǹda wọn kí ẹ gbà á sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì lọ kí wọn nílé ṣáájú. Fọ́ọ̀mù kò mọ ìyẹn, àwọn mọ̀ ọ́n.

Ìṣẹ́jú mélòó kan péré tó láti tú palẹ̀, nítorí kíkọ ọ̀rọ̀ inú ohùn náà sílẹ̀ máa ń gba àkókò gan-an. ELAN, ètò orí kọ̀ǹpútà fún irú iṣẹ́ yìí, ni mo lò, ọ̀fẹ́ ni, ó sì gba àmì ohùn. Ìlà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ: Yorùbá, ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì tó já geere. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti dákẹ́, àti ibi tí ohùn méjì ti pàdé. Ìkíni wa kún fún ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí olùbojútó yín pè é ní jíjá ọ̀rọ̀ gbà. Ẹ fi àpẹẹrẹ hàn án.

Ẹ pààrọ̀ orúkọ gbogbo èèyàn kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ohùn pásítọ̀ kì í ṣeé fi pa mọ́ lágbègbè yẹn, nítorí náà bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá gbé e sétígbọ̀ọ́ àwọn èèyàn níbi àpérò, ẹ padà lọ gbàyè lọ́dọ̀ rẹ̀.