Ìwé tí kò yẹ kó dé Kétu

Oṣù Kejìlá 2024 ni mo gbé ìwé ọmọ-onílẹ̀ Amẹ́ríkà mi, ìyẹn ìwé tó jẹ́rìí pé mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà, wá sí Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ojúlówó rẹ̀ gan-an, nínú fáìlì tí mo tẹ́ sábẹ́ aṣọ nínú báàgì. Ìyá mi ni mo wá ṣe ìwé fún, kó lè wá máa gbé ní Amẹ́ríkà. Mo rò pé ibì kan á wà tí wọ́n á ti ní kí n mú un wá. Ibẹ̀ kò sí o, díẹ̀ ló sì kù kí ìwé náà bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó jẹ lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà kò tíì rí ìwé yìí rí. Abala kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ tí o bá búra ni wọ́n ń fún ọ. Fọ́tò rẹ wà lójú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ, bí o ṣe ga tó, bóyá o ti ṣègbéyàwó, àti orílẹ̀-èdè tí o ti wá. Nígbà tí mo búra lọ́dún 2023, wọ́n gba gíríìnkáàdì mi, káàdì tí mo fi ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá sọ fún gbogbo wa pé kí á yẹ ìwé wa wò dáadáa kí á tó jáde nínú gbọ̀ngàn. Mo ka orúkọ mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá ti fi ọwọ́ Faransé kọ orúkọ Yorùbá rẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ Tógò kan tó jókòó tì mí ṣàdédé pariwo: wọ́n ti sọ ọ́ di obìnrin! Wọ́n bá a tún un ṣe. Ká ní ó ti gbé e délé ni, fọ́ọ̀mù N-565 tí wọ́n fi ń béèrè òmíràn ni ì bá máa kọ, á sì máa dúró. Ẹni tó bá sọ tirẹ̀ nù, fọ́ọ̀mù yẹn náà ni, owó rẹ̀ sì lé ní $500.

Pásípọ́ọ̀tù ni mo kọ́kọ́ lọ gbà. $130 ni owó pásípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀, $35 sì ni ti ilé ìfìwéránṣẹ́ tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. Wọ́n gba ojúlówó ìwé náà, wọ́n sì gba fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Nígbà tí pásípọ́ọ̀tù dé, mo gbọn àpòòwé títí, ìwé mi kò sí níbẹ̀. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Àṣé ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń fi ìwé yẹn ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló tó dé.

Kí ló wá dé tí mo fi gbé e rìnrìn-àjò? Ẹnì kan ló sọ fún mi pé òfin kò gbà kéèyàn ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́, èmi tí wọ́n ti gba fọ́tòkọ́pì ọ̀hún lọ́wọ́ mi nígbà pásípọ́ọ̀tù! Ẹ̀rù ìwé máa ń sọ èèyàn di ọ̀dẹ̀.

Ní pápákọ̀ òfurufú Kutọnu, pásípọ́ọ̀tù Bẹ̀nẹ̀ ni mo fi wọlé, torí ẹni tó bá mú ti Amẹ́ríkà wá gbọ́dọ̀ gba físà. Nígbà tí mò ń padà lọ, ti Amẹ́ríkà ni mo mú jáde fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú. Òfin wọn lọ́hùn-ún ni pé pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni ọmọ-onílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi wọlé, òun náà ló gbọ́dọ̀ fi jáde. Ẹni tó bá ní méjèèjì, kó kó méjèèjì dání.

Iṣẹ́ tó gbé mi wá gan-an nìyí. Ẹni tó ní gíríìnkáàdì kò lè bẹ̀bẹ̀ fún òbí rẹ̀ pé kó wá máa gbé ní Amẹ́ríkà. Ọmọ-onílẹ̀ tó ti pé ọmọ ọdún 21 ló lè ṣe é, fọ́ọ̀mù I-130 ni, $625 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní láti fi hàn pé ọmọ-onílẹ̀ ni mí, kí n tún fi ìwé ìbí tèmi tí orúkọ ìyá mi wà nínú rẹ̀ hàn pé òun ló bí mi.

Ìyá mi gbé agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Òórùn kánfọ̀ gba inú yàrá. Ìwé ìbí mi láti 1985 wà níbẹ̀, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé e lẹ́ẹ̀mejì, kòkòrò kan kò kàn án. Tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, èyí tí ilé-ẹjọ́ ṣe fún un nígbà tó ti dàgbà, torí ilé ni wọ́n bí i sí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. «Née vers 1956» ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan bí 1956 ni wọ́n bí i. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni orúkọ. Nínú ìwé tirẹ̀ ó ń jẹ́ Achakè, nínú tèmi ó ń jẹ́ Assakè.

Ó ní, «Ta ló ń jẹ́ Àsàkẹ́? Àṣàkẹ́ ni bàbá mi ń pè mí.»

Mo ní, «Ẹ má bínú, Ìyá. Akọ̀wé ni kò gbọ́ ọ dáadáa.»

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi lọ bọ̀ ní mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì láti àdúgbò, kí wọ́n tó fún wa ní ìwé tó jẹ́rìí pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Certificat d'individualité ni wọ́n ń pè é. Ẹ tètè wá a, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè. Èdè Faransé ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì ní láti túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì délẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i pé òun gbọ́ wọn dáadáa, pé ìtumọ̀ náà pé.

Mo kó gbogbo wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kan pé kí wọ́n bá mi yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Mo dojú kọ fóònù mi. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti mú ìwé Amẹ́ríkà mi, ó ti tẹ́ ẹ sáàárín náílọ́ọ̀nù méjì, ẹ̀rọ sì ti gbóná, òórùn rẹ̀ ń rùn.

«Ẹ̀gbọ́n, èyí ló dára jù nínú wọn, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Omi ò ní wọ̀ ọ́ láéláé.»

Mi ò mọ ìgbà tí mo fo káńtà. Bí náílọ́ọ̀nù yẹn bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè bó o láìfa ìwé náà ya. Ọmọ náà kò ní èrò burúkú, ó tiẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni. Yíǹkì dúdú wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, àmì rẹ̀ sì wà ní igun ìsàlẹ̀ ìwé mi títí dòní.

Àwòrán ìwé náà, iwájú àti ẹ̀yìn, ni mo fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ojúlówó ti wà nínú àpótí irin ní báńkì báyìí, ẹ̀dà rẹ̀ kan sì wà nínú kọ̀ǹpútà mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ìyá mi ní kí n fún òun ní fọ́tòkọ́pì kan. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí pé fọ́tò ta nìyí tó fajú ro báyìí. Ó wá fi náílọ́ọ̀nù wé e lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́ ẹ lé ìwé ìbí mi lórí nínú agolo, ó já kánfọ̀ tuntun kan sí i.